Àbúrò mi tó ń lo tramadol ṣubú ní sáìtì, wọ́n ní ká gbé e lọ sórí òkè. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹkẹ́_Bódìjà

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti ju agbára mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ẹ sáà bá mi dá sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 24. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí torí ìyá wa kú nígbà tó ṣì wà ní JSS 2, bàbá wa sì ti fẹ́ ẹlòmíì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ó gba fúrídọ́ọ̀mù, àmọ́ iṣẹ́ tiẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wá, ló bá tẹ̀ lé àwọn tó máa ń da kọnkéré, àwọn tí wọ́n máa ń pè fún dẹ́kìn. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí ò lè mọ ohun tójú ń rí níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sí pé à ń sinmi, torí kọnkéré ò gbọdọ̀ gbẹ lápá kan kí wọ́n tó da apá kejì. Páànù lórí, ẹ gun pákó lọ sókè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún gbé òmíì, láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà míì iná jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Ó ní ọjọ́ kìíní tóun lọ, nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, ọrùn òun ò yí mọ́. Ẹnì kan níbẹ̀ wá bi í pé ṣé ó rò pé ojú lásán làwọn fi ń ṣe é ni. Paraga ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn ìyẹn ló kan kápúsù.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé àbúrò mi ń ṣiṣẹ́, owó ń wọlé, ó ra fíríìjì kékeré kan fún mi tí mo fi ń ta omi tútù mọ́ ata mi. Mò ń fi yangàn lọ́jà. Mò ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ẹ wo ọmọ tí kò níyàá.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá jókòó ti àmàlà, ẹ má pè é títí yóò fi fọ ọwọ́, ló wá ń ti àwo sẹ́yìn. Ara ń yún un, á máa họra ṣáá. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó má yàgbẹ́. Tó bá wá di ọjọ́ tí kò síṣẹ́ tí kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀, á máa yán, imú ẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa yọ ọ́ lẹ́nu, á ní gbogbo egungun ń ro òun, kò ní sùn, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí sùn. Mo ní ibà ni. Mo ra oògùn ibà fún un bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo tún se àgbo dọ́ńgóyárò.

Oṣù tó kọjá ni mò ń fọ ṣòkòtò ẹ̀, mo bá rí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan, wọ́n kọ 225 sí i lára. Mo mú un lọ bá ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kémíìsì, ó wò mí lójú, ó ní "Mọ̀mí, ọwọ́ ta lẹ ti rí èyí?" Tramadol ni, oògùn ìrora tó le gan-an. Nígbà tí mo bi àbúrò mi, kò purọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe igbó o. Oògùn òyìnbó ni. Dókítà náà máa ń fún èèyàn." Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá wọ́n pè mí lọ́jà pé kí n máa bọ̀, pé gìrì gbé e ní sáìtì. Kí n tó dé wọ́n ti da omi lé e lórí, wọ́n ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ẹ̀ kan ti kán, ẹnì kan tún ti da epo pupa àti mílíìkì sí i lọ́fun. Nígbà tó jí kò mọ̀ mí. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń wò mí tí kò mọ ẹni tí mo jẹ́.

Ní báyìí kálukú ló ní tiẹ̀. Àǹtí wa ní wárápá ni, pé ẹnì kan ló rán an sí i torí owó tó ń rí. Pásítọ̀ ní ká gbé e wá sórí òkè fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọ̀gá ẹ̀ ní bàbá kan wà lábúlé tó máa ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ títí ojú wọn á fi wálẹ̀. Ọkọ mi ò burú o, àmọ́ a láwọn ọmọ kéékèèké méjì nílé, ó ní òun ò lè máa sùn kóun máa la ojú kan sílẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ẹ sọ fún mi, ṣé oògùn yìí lè fa gìrì lóòótọ́? Tí mo bá gba gbogbo ẹ̀ dànù lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, ṣé kò ní ṣe é ní jàǹbá? Tí mo bá sì gbé e lọ sí ọsibítù, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá tàbí NDLEA wá mú un? Oorun ò kun ojú mi láti Ọjọ́bọ̀.

Fọkanáísà_Sàngó

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo kà á dé ibi tẹ́ ẹ ti ní ó ń yán tí imú ẹ̀ ń ṣomi, mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀, torí bí ẹni ń sọ ìtàn mi ni.

Mo gun ọ̀kadà ní Ìkẹjà fún ọdún mẹ́fà, mo sì lo tramadol fún ọdún mẹ́rin nínú ẹ̀. 100 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan láàárọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, lọ́jọ́ kìíní ó dùn. Òtútù ò mú mi, ebi ò pa mí, ẹ̀yìn ò ro mí, ẹni tó bú mi níbi iná dánfó gan-an ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dùn mí. Àmọ́ ara ń rẹ̀ o, èèyàn ni kò mọ̀. Owó gbọ́mù-lé-lántà ni, agbára ọ̀la lò ń yá ná lónìí, ọjọ́ sísan ẹ̀ ń bọ̀, èlé sì wà lórí ẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́fà ẹyọ kan ò ṣe nǹkan kan mọ́, ó di méjì, ó di 225, mo wá ń fi ọtí inú ọ̀rá lé e. Kì í ṣe kí orí mi lè yá mọ́, kí n sáà lè dìde nílẹ̀ bí èèyàn ni.

Lọ́dún 2019 mo sùn lórí ọ̀kadà. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, mo kàn sùn ni. Ẹsẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ṣẹ́ níbi méjì. Mo bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì mí, ẹbí ẹ̀ dárí jì mí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ igbe ẹ̀ lóru. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì? Mo lò ó, mo sì tún gbé ọ̀kadà jáde. Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tí àbúrò yín bá sọ fún yín pé òun ti fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ tún bá a lápò ẹ̀, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn yín, kì í sì í ṣe pé ẹ̀bẹ̀ yín ò wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí ìjọba Èkó ní ká má gun ọ̀kadà mọ́ lápá ibẹ̀ yẹn ní February 2020, iṣẹ́ tán, owó oògùn tán, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló ń mú mi lò ó mọ́. Ọjọ́ kẹta tí mi ò rí i lò, mo rò pé mo fẹ́ kú. Ìyá mi ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Wọ́n fún mi ní oògùn inú, oògùn oorun, wọ́n ń bá mi dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara mi tó wálẹ̀. Àmọ́ ara ló wálẹ̀ o, ọkàn ò tíì wálẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sí i. Tí tiẹ̀ náà bá padà sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ pé ó ti parí. Mo pààrọ̀ síìmù, mo kó kúrò ládùúgbò, iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe báyìí. Tó bá fẹ́ bá ẹni tó ti débẹ̀ rí sọ̀rọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi fúnra mi ni màá pè é.

Bàbá_Ọlọ́mọ_Márùn-ún

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ ti ń kẹ́ wọn jù. Ọmọ tá ò kọ́ ló ń gbé ilé tá a kọ́ tà. Ẹ wá wo àdúgbò tèmi, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tí ò tíì ṣe WAEC á ti jókòó sétí gọ́tà, ọ̀kan ń fa Colorado, igbó àtọwọ́dá yẹn, ọ̀kan ń mu skuchies tí wọ́n fi sobo pò mọ́ igbó àti oògùn ikọ́, òmíì á dúró sójú kan bí ère á máa tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, àwọn ìyókù á máa fi fóònù ya fídíò ẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ní January wọ́n já ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n kó gbogbo wáyà tí mo rà fún iṣẹ́ ilé oníbàárà lọ. Ọ̀kan nínú wọn, mo lọ síbi ìkómọ ẹ̀, èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi oyin kàn án lẹ́nu. Aláìsàn ni kí n wá máa pè é? Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ wa nígbà tiwa. Ẹ tì í mọ́lé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dè é tó bá fẹ́ sá, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, ojú ẹ̀ á là.

Nọ́ọ̀sì_Lísàbí

Bàbá, ẹ kú àdánù ṣọ́ọ̀bù yẹn sà. Ìbínú yín tọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ dídè yẹn, mo fojú mi rí ohun tó ń bí. Nọ́ọ̀sì àrùn ọpọlọ ni mí, ọdún kọkànlá rèé. Wọ́n máa ń gbé wọn wá bá wa láti irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú egbò lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n á ti gbẹ, ìfẹ́ oògùn náà á sì wà lọ́kàn wọn síbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé láàárín ìgbà tí wọ́n fi dè wọ́n, ara wọn ti gbàgbé oògùn náà, ọjọ́ tí wọ́n bá jáde tí wọ́n sì gbé iye tí wọ́n máa ń lò tẹ́lẹ̀ mì, iye yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Ní November 2019, ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan lápá Òjòó, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn míì, ebi ti sọ àwọn míì di egungun lásán. Ẹbí àwọn míì ló gbé wọn lọ síbẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Àǹtí Àǹkẹ́, tramadol lè fa gìrì dáadáa, kò dìgbà téèyàn bá ní wárápá tẹ́lẹ̀. Èyí tí dókítà máa ń fún èèyàn ni 50 tàbí 100 milligram, gbogbo ẹ̀ lójúmọ́ ò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ. Kápúsù 225 méjì péré ti kọjá ibẹ̀. Tó bá wá fi paraga tàbí oògùn oorun lé e, èémí ló máa ń dín kù, á máa hanrun, àwọn ará ilé á ní ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ á mọ́ wọ́n á bá òkú. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń hanrun lọ́nà tí kò rí bí tàtẹ̀yìnwá tẹ́ ẹ sì jí i tí kò jí, ẹ má dúró de àárọ̀.

Tí gìrì yẹn bá tún gbé e, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fún un lépo, ẹ má fún un ní mílíìkì, kò sí ọ̀kan tó ń pa oògùn náà nínú wọn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ tí ẹni náà ò bá mọ ara ẹ̀. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ orí ẹ̀, tó bá ti dáwọ́ dúró ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tó ń ṣe é léraléra, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ má gba gbogbo ẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà nílé. Ẹni tí gìrì ti gbé, tó tún ń mu ọtí mọ́ ọn, dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù. Ìbàdàn lẹ wà, UCH ní ẹ̀ka àrùn ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá sí Abẹ́òkúta, ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Arò ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti àwọn tó ń lo oògùn olóró. Ti ọlọ́pàá tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, a kì í pe ọlọ́pàá sí aláìsàn torí ohun tó gbé mì. NDLEA fúnra wọn ní nọ́ńbà tí wọn kì í gbowó ẹ̀, 080010203040, tọ̀sán tòru, ìmọ̀ràn ni wọ́n wà fún lórí ẹ̀.

Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ tẹ̀ lé e lọ, kẹ́ ẹ má kàn já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, aláìsàn tí wọ́n bá gbé wá, ó ní kí ẹbí ẹ̀ kan tẹ̀ lé e, wọ́n á jọ máa gbé ní abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n á máa dáná, wọ́n á máa bá àwọn ará abúlé ṣe, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá láti òkè òkun wá wò ó. Títí dòní, àwọn tí ẹbí wọn ń yọjú ni mo máa ń rí tí wọ́n ń dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín lọ́jà. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, bá Nàìjíríà ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní January 2019, ní èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, wọn ò tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn o. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún, tiwa níhà Yorùbá yìí jẹ́ 22.4, òun ló pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá dúró nídìí ata yín, tẹ́ ẹ ka ilé márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó wà nínú ọ̀kan tí wọn ò sọ.

Ọmọ_Ìkálẹ̀

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òkè tí pásítọ̀ sọ yẹn, mi ò sì ní sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú torí èmi náà ń gbàdúrà.

Bọ́ọ̀sì Orè sí Èkó ni ọkọ mi ń wà. Ọtí inú ọ̀rá, á ti ra mẹ́ta mẹ́rin ní gáréèjì kílẹ̀ tó mọ́, ó máa ń wà lápò ẹ̀ bíi súìtì ọmọdé. Ó pé ọdún mọ́kànlá tó ń mu ún lójoojúmọ́. Ní 2022 òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ fi sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. A gun òkè kan lọ fún ààwẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ kejì ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè di Bíbélì mú. Ọjọ́ kẹta ó ń lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀, ó ń bá bàbá ẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí àìrí ló ń jáde lára ẹ̀, wọ́n ní ká túbọ̀ kígbe. A kígbe. Èmi náà kígbe. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin gìrì gbé e, kò tíì lọ ni òmíì dé, a ò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé títì tó fi kú.

Dókítà kan ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, pé ẹni tó bá ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, tó bá dá a dúró lójijì, ohun tó máa ń ṣe ọpọlọ ẹ̀ nìyẹn, pé oògùn wà tí wọ́n fi ń bá a sọ ọ́ kalẹ̀, pé tó bá wà ní ọsibítù bí ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọ̀sẹ̀ kan! Mo ti ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, orí òkè ni mo lọ lò ó.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n kó tó dìgbà yẹn. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè, nílé wa níbẹ̀, àwọn ọkùnrin kàn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú wọn ò ní ríran, kò ní pẹ́ wọn ò ní mọ ara wọn mọ́. Wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, pé wọ́n lọ jí nǹkan lójúbọ. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò máa dé, methanol, irú ọtí olóró tí kò ṣeé mu, ni wọ́n bá lára wọn, inú ògógóró ló wà. Gbogbo ìgbà tá a fi ń bẹ òrìṣà, ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì.

NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ti bá àwọn tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá ṣe àdéhùn láti December 2018 pé kí wọ́n fi sílẹ̀ tó bá di ìparí January 2024, nígbà tó tó àkókò wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n tún sún un di ìparí 2025. Mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò mo kàn ń ka ọdún lọ́wọ́.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, àǹtí mi. Kẹ́ ẹ máa gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Apòògùn_Ọ̀ṣun

Ìyá mi Ọmọ_Ìkálẹ̀, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Àǹtí Àǹkẹ́, ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn dání lọ bá dókítà, ẹ má jù ú nù. Tramadol tó bá ju 100 lọ, wọn ò fọwọ́ sí i ní Nàìjíríà, nítorí náà 225 yẹn, 250 yẹn, ẹrù fàyàwọ́ ni, ohun tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ní February 2025 BBC gbé ìròyìn ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà jáde tó ń pò tapentadol, oògùn ìrora líle kan, mọ́ carisoprodol, oògùn tó ń dẹ iṣan ara, sínú oògùn kan náà, tí wọ́n ń kó wá sí Gánà àti ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn méjèèjì ló ń fa èémí sẹ́yìn. Ó yẹ kí dókítà fojú rí ohun tó ń gbé mì.

Nígbà tí ìjọba ní ká má ṣe oògùn ikọ́ oníkódíìnì mọ́, tí wọ́n sì dá kíkó ẹ̀ wọlé dúró ní May 2018, inú mi dùn, èmi fúnra mi kó ìyókù kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà kan náà padà wá, nǹkan míì ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan tó ń gbé búlọ́ọ̀kù wá bá mi, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ tramadol. Mo fún un ní paracetamol, mo ní kó lọ sinmi ọjọ́ méjì. Ó ní, "Ọ̀gá, tí mo bá sinmi ọjọ́ méjì, ta ni yóò bọ́ mi?" Ó ti tó ọdún mẹ́ta, mi ò tíì rí èsì ẹ̀.

Àǹkẹ́_Bódìjà

Ẹ káàárọ̀ o. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá.

A wà ní ọsibítù. Fọkanáísà pè é lóòótọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú, mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, mo kàn rí i tó jókòó sẹ́yìnkùlé tó ń da omi lójú. Nígbà tó wọlé ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ." Àǹtí wa bínú sí mi pé mo fẹ́ jẹ́ káyé mọ̀ pé ọmọ wa ti ya wèrè. Ìyá Ọmọ_Ìkálẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé ìrẹsì wá lọ́jọ́ kejì.

Dókítà bi í iye tó ń lò. Ó ní márùn-ún, nígbà míì mẹ́fà. Àǹfààní tí mo ní ni pé mo wà lórí àga, torí ẹsẹ̀ mi ò bá gbé mi. Wọ́n yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, wọ́n ní kì í ṣe wárápá, oògùn yẹn ni. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ò dára o, ó bú mi, ó ní kí n máa lọ, ó bì, ó sunkún bí ọmọdé. Ní báyìí ó ti ń sùn tó wákàtí márùn-ún. Owó ò kéré, fíríìjì tó rà fún mi ni mo tà láti fi kún un, mi ò sì kábàámọ̀.

Ohun tó kù tó ń dà mí lọ́kàn rú nìyí. Ọ̀gá kọnkéré ń pè é lórí fóònù, pé wọ́n ní dẹ́kìn méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò gbé e. Àmọ́ ó máa jáde níbí, ó sì máa jẹun, mi ò sì lè máa bọ́ ọkùnrin ọdún 24 lórí owó ata. Tó bá padà síbi páànù yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún un. Ó mọ ilé rẹ́ dáadáa, ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ó mọ búlọ́ọ̀kù tò. Ṣé ẹ mọ ọ̀gá kankan tó ń ṣe fíníṣìn tàbí iṣẹ́ tí kò ní gbígbé púpọ̀ nínú, tí kì í fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ohunkóhun mu? Kódà kí owó ẹ̀ kéré.

Bàbá_Ọlọ́mọ_Márùn-ún

Àǹkẹ́, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mi ò tíì dárí ji àwọn tó já ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Àmọ́ àbúrò ìyàwó mi ń ṣe táìlì ní Àkọ́bọ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì ló ní, Mùsùlùmí ni, kì í jẹ́ kí ọtí dé sáìtì ẹ̀ rárá. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń ṣíwọ́. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lánàá, mo sọ òótọ́ gbogbo fún un, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní kó wá lọ́jọ́ tó bá jáde, kẹ́ ẹ̀yin náà bá a wá. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.